Ta Ni Ó Ń Ka Ọjọ́ fún Wa? Bí Ẹ̀rọ Ṣe Yí Ìgbé-ayé Padà ní Ọ̀tà

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ rédíò dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ó ti kan àwa àgbà lọ.

Bí a bá bi ọmọdé léèrè ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún wa, yóò dáhùn pé ẹ̀rọ mú kí iṣẹ́ rọrùn. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ń lọ ata, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì ń gbé wa dé Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo ìlú wa Ọ̀tà, tí mo sì wo Sángo tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo máa ń rí ohun mìíràn tí ẹ̀rọ ṣe, tí ó sì tóbi ju ìrọ̀rùn lọ. Ẹ̀rọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oòrùn, àkùkọ àti ọjà ni ó ń sọ fún wa ìgbà tí a ó jí, ìgbà tí a ó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí a ó sùn. Bí ipò náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, díẹ̀díẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní.

Fún àwọn tí kò mọ ibẹ̀: Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, Ọlọ́ta ni ọba rẹ̀. Ó wà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ògùn ni a sì kà á mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Sángo ni oríta tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá dúró ní oríta yìí nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ yóò rí ohun tí àwọn baba ńlá wa kò rí rí: ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ó ń lọ sùn bí àkùkọ ti ń kọ, tí wọ́n ń pàdé ogunlọ́gọ̀ mìíràn tí ó ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọdé ni mí ní Ọ̀tà nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Aago ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ kí a tó bí mi. Bàbá mi àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò, nítorí pé ó bu ẹwà kún ilé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó ṣe wàhálà láti tún un ṣe. Kí ni a fẹ́ fi ṣe? Bí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ, a mọ̀ pé ìdájí ti dé. Bí oòrùn bá gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ìrì gbẹ lórí koríko, ìyálẹ̀ta ni. Bí òjìji ènìyàn bá kó wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀sán gangan ni. Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, àti ọ̀gànjọ́ òru. Kò sí ìṣẹ́jú nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bí àgbẹ̀ méjì bá jọ ṣe àdéhùn ìyálẹ̀ta, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé á jókòó sábẹ́ igi, á máa pọ́n àdá rẹ̀, kò sì ní sọ pé ẹnì kejì fi àkókò òun ṣòfò. Àní gbólóhùn yẹn, pé a fi àkókò ṣòfò, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa rí. Ilé-ìwé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu tíṣà.

Ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú kò rí bí ti ìsinsìnyí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n parí sí i pọ̀, wọ́n ń pe òpin rẹ̀ ní ọ̀rún. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi ìka yín kà á: ẹ ka òní ní oókan, ẹ ka ọ̀la ní eéjì, ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí ìka karùn-ún ni ọjà tún pé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọlọ́rọ̀ọ̀rún. Ìyá mi àgbà kò mọ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ṣùgbọ́n bí ó bá ta ẹrù láwìn, ó mọ iye ọjà tí ó ti kọjá láti ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọjọ́ kan rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn Mùsùlùmí ni ó mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá bá wa. Ní 1854 ni James White, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró dé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ C.M.S. ní Ọ̀tà, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà náà ni kàlẹ́ńdà méjì ti jọ ń gbé inú ìlú kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ óò rí i pé ọjà ọlọ́rọ̀ọ̀rún àti ọjọ́ Ìsinmi máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọjọ́ 28. Ẹ lè ro ìyà tí àlùfáà ń jẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìdajì ìjọ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn àtẹ. Ní ti ìrun àwọn Mùsùlùmí, oòrùn ni ó ń tẹ̀lé, ó sì ń tẹ̀lé e títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago àti gbohùngbohùn ni ládàánì fi ń pe ìrun báyìí.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó bá oòrùn du ipò ní ilẹ̀ wa ni rélùwéè. Ní 1896 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Ìdó lọ sí òkè. Irin náà gba ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ojú irin kan ṣoṣo ni. Bí ọkọ̀ tí ó ń lọ kò bá mọ ìgbà tí èyí tí ó ń bọ̀ yóò kúrò ní ibùdókọ̀, àwọn méjèèjì yóò forí sọ ara wọn. Nítorí náà, aago tí ó wà ní Èkó àti aago tí ó wà ní Ìbàdàn ní láti bára mu, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tí ó bá ru kòkó tàbí èkùrọ́ lọ sí ibùdókọ̀ tí ó sì sọ pé ìyálẹ̀ta ni òun ṣe àdéhùn, èéfín ọkọ̀ ni yóò bá.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ìjọba fi aago Nàìjíríà sí wákàtí kan géérégé ṣáájú aago Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà di ìsinsìnyí. Aago kan náà ni Máídúgùrì ń lò pẹ̀lú Ọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àárín wọn jìn gan-an, ibẹ̀ sì ni oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Ọ̀tà, oòrùn kò tíì dé àtàrí. Ó ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ní àwọn oṣù kan ó máa ń dín díẹ̀, ní àwọn mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè dán an wò: ẹ gbé igi kan dúró ṣánṣán nínú oòrùn, kí ẹ wo ìgbà tí òjìji rẹ̀ kúrú jù. Ọ̀sán gangan ti bàbá mi àgbà nìyẹn. Méjìlá ti aago jẹ́ ohun tí a fi òfin gbé kalẹ̀.

Bí rélùwéè ti ń ṣe èyí lóde, ẹ̀rọ mìíràn ń bọ̀ wá bá àwọn ìyá wa nínú ilé ìdáná, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe gàrí nígbà tí mo wà ní kékeré. A óò wa ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. A óò bẹ ẹ́, a óò fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò rin ín lára páànù tí a ti fi ìṣó dá lu káàkiri. Ọmọdé ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọbìnrin jù lọ, kò sì sí ẹni tí ó rin ẹ̀gẹ́ tán tí ìka rẹ̀ kò bó. A óò dà á sínú àpò, a óò gbé òkúta ńláńlá lé e, a óò sì fi í sílẹ̀ kí omi rẹ̀ ro, kí ó sì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a óò jọ̀ ọ́, tí a óò sì yan án nínú agbada, pẹ̀lú èéfín tí ń wọ gbogbo ojú.

Nígbà tí mo fi di ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ti dé. Ní Òṣòdì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí iṣẹ́-ẹ̀rọ kan sílẹ̀ sí ní 1956, àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fi ẹ̀rọ ṣe gàrí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní abúlé, ọ̀nà tiwọn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ páànù tí ń yí, ohun tí ọmọ mẹ́ta ń ṣe láti àárọ̀ dé ọ̀sán sì di ohun tí à ń ṣe kí a tó sọ̀rọ̀ tán. Jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè wá gba ipò òkúta orí àpò. N kò rí ẹni tí ó sunkún nítorí páànù oníìṣó, èmi náà kò sì ní sunkún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ilẹ̀ wa ni ẹ̀rọ yìí tú sílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní saíánáìdì. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án jinná, oró náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọjọ́ tí ó fi ń kan nínú àpò jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ apá ṣe. Kò lè gba iṣẹ́ ọjọ́. Ìyá kan tí ọkọ̀ Èkó ń dúró dè lójú ọ̀nà, tí oníbàárà sì ń pè lórí fóònù, lè fi jáàkì fún omi ẹ̀gẹ́ dànù lọ́jọ́ tí ó rin ín, kí ó sì yan án lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Gàrí náà yóò funfun, yóò dùn-ún wò. Àwọn àgbà yóò fi sẹ́nu, wọn yóò ní kò kan tó, àwọn ọmọ yóò sì rò pé adùn nìkan ni wọ́n ń wí.

Ní ti ata, ọlọ ni gbogbo ilé ń lò tẹ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ni aago ìrọ̀lẹ́ wa: bí a bá gbọ́ ọlọ, a mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí oúnjẹ yóò délẹ̀. Ẹ̀rọ ata oní-dísù ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Omi tiwa wá láti odò àti kànga, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ omi ìjọba, lẹ́yìn náà kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́, àti omi inú ọ̀rá tí ó gba ìgboro láti àwọn ọdún 1990. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rédíò, ìyẹn ẹ̀rọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà fa ohùn láti ilé-iṣẹ́ wọ inú ilé ní Èkó. Àpótí kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Ẹni tí ó ni ín kò lè yàn ibi tí yóò gbọ́. Ó lè ṣí i, ó lè pa á, ó parí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn wa sọ ọ́, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, a kò sì lè dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn. Èyí tí ó wọ inú oko wa ni rédíò kékeré alo-bátìrì, tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká. Bátìrì wọ́n. Nígbà tí ó bá ti ń kú, a óò yọ ọ́, a óò sá a sóòrùn lórí páànù ilé, yóò sì tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Bàbá mi kò ní aago ọwọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí rédíò ti wọ ilé ni ó ti ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a jẹun kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀.” Ṣáájú ìgbà náà, oúnjẹ alẹ́ a máa délẹ̀ nígbà tí ó bá jinná. Ohùn ìròyìn wá di ohun tí gbogbo agbo ilé ń kó ara wọn jọ dè. Bí wọ́n bá sì ti kó jọ, wọn kì í tètè tú ká. A gbọ́ ìròyìn òmìnira bẹ́ẹ̀, a sì gbọ́ ìròyìn ogun abẹ́lé láti 1967 títí di 1970 bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé rántí pé rédíò fún wa ní aago, ṣùgbọ́n aago àjùmọ̀gbọ́ ni.

Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ bá Ọ̀tà ní àwọn ọdún 1970. Owó epo rọ̀bì wọlé, Èkó kún, ilẹ̀ ibẹ̀ gbówó lórí. Wọ́n ṣe ọ̀nà ńlá láti Èkó sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi géètì owó sójú ọ̀nà ní àgbègbè Ọ̀tà. Ìjọba àpapọ̀ fòpin sí gbígba owó ojú ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, géètì náà lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò lọ: títí di òní, kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń ké “Tóò-géètì! Tóò-géètì!” bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń gba owó níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ó sì fẹ́ wà nítòsí èbúté Àpápá, Ọ̀tà ni ó yẹ ẹ́. Ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo di ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ti ń ṣe ike, bísíkíìtì, ọ̀dà àti oògùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ gbọ́ ìdí tí ilé-iṣẹ́ kì í fi í sùn. Iléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin gba ọ̀pọ̀ wákàtí àti owó kí ó tó gbóná. Bí wọ́n bá pa á lálẹ́, owó náà ni wọn yóò tún ná láàárọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike, bí ó bá tutù, ike náà yóò dì sínú rẹ̀. Ẹni tí ó sì yá owó ra ẹ̀rọ ní láti san èlé rẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án, nítorí èlé kì í sùn. Nítorí náà, ènìyàn ni ó gbọdọ̀ pín ara rẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ̀rọ lè wà lójúfò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ alẹ́ ti wá, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní náìtì: àwọn kan wọlé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n jáde nígbà tí ó mọ́, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n yí i padà. Ara tí oòrùn ti tọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa sùn lọ́sàn-án, nínú yàrá onípáànù, lábẹ́ ooru, pẹ̀lú ariwo ọmọ àti ti mọ́tò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì, tí orí wọn ń lu gíláàsì. Owó oṣù wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé, òun ni wọ́n sì fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì; n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun burúkú nìkan ni ó bá wa.

Kí ilé-iṣẹ́ tó dé, òru Ọ̀tà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ti ọdẹ ni, ti àwọn olórò, ti ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Òru kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú a máa jí ni òru Ẹ̀fẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde sí gbangba ọjà, tí òṣèré Ẹ̀fẹ̀ yóò máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí yóò máa yin ẹni tí ó ṣe rere, tí yóò sì máa fi ẹni tí ó ṣe ibi ṣẹ̀sín lójú ayé, láìsí ẹni tí ó lè mú un. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn kò sì fojú di ẹ̀rọ: lórí ère wọn, ẹ óò rí ẹni tí ó gun alùpùpù, ẹ óò rí ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ránṣọ, ẹ óò rí ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wo Ẹ̀fẹ̀ mọ́júmọ́ gbọdọ̀ ní òru tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́nu náìtì ti ta òru yẹn.

Òru tuntun yìí ní àwọn tirẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ta ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹ̀wà ń pa àtẹ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ní ìgbà tí àwọn ìyá wọn ti sùn jìnnà. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró. Iná sì ń tàn, ní apá kan. Ẹgbẹ́ tí ń pín iná fún wa ti pààrọ̀ orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà: E.C.N. ní 1950, NEPA ní 1972, PHCN ní 2005, títí tí ìjọba fi tà á fún àwọn oníṣòwò ní 2013. Bí iná náà kò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ tiwọn, lẹ́yìn náà páìpù gáàsì wọ àgbègbè Ọ̀tà àti Àgbàrá, tí àwọn tí agbára wọn ká a fi ń ṣe iná fún ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá ń rìn lóru fi lè rí ilé-iṣẹ́ tí ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, kí ó sì rí ìgboro lẹ́yìn ògiri rẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, níbi tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ń gbé.

Mo ti dé orí fóònù. Kí ọdún 2001 tó dé, fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò a máa dúró de lẹ́tà, bí lẹ́tà kò bá dé, a máa dúró de ẹni tí ó ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbangba. Láti gba nọ́ńbà kan nígbà náà, nǹkan bí 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni; bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù kò ju 5,500 náírà lọ. Nítorí náà ni àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ fi gbé agbòòrùn kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Sángo, pẹ̀lú tábìlì kan, àga kan àti fóònù kan, tí wọ́n ń ta ìṣẹ́jú bí ẹni ń ta epo pupa. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó wò: ìyá mi àgbà tí kò mọ ìṣẹ́jú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tà á ní oókan-oókan. Ní 2003 ẹnìkan wá bẹ̀rẹ̀ sí ta ìṣísẹ̀ aago, èyí tí ọgọ́ta rẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Nítorí owó, àwọn ènìyàn wa dá ọgbọ́n kan tí a ń pè ní fíláàṣì. Wọn yóò pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì já a kí o tó gbé e. Ìró kan: mo ti dé ilé. Ìró méjì: pè mí padà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, a kò san kọ́bọ̀, a sì gbọ́ ara wa yé. Mo máa ń rò pé àwọn baba ńlá wa tí ń di owó ẹyọ méjì pọ̀ ránṣẹ́ síra wọn ní àrokò yóò mọ fíláàṣì lójú ẹsẹ̀. Ìpè ti rọ̀ lọ́wọ́ báyìí, fíláàṣì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Tábìlì abẹ́ agbòòrùn kò kú ní tirẹ̀. Ó di ti àwọn oní-POS. Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba pààrọ̀ owó, àwọn ni a ń tò sí iwájú wọn láti ìdájí. Láti ìgbà náà ni ìyá aláta pẹ̀lú ti ń gba owó sórí fóònù. Òun náà ni ó ń dúró lẹ́yìn àtẹ, ojú rẹ̀ lára fóònù, tí ó ń sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì wọlé.” Àwa tí kì í dúró mọ́ fún lẹ́tà tàbí fún ìyálẹ̀ta, ìró fóònù kékeré yẹn ni a ń dúró dè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ó gba ìtòsí wa kọjá, ó dúró ní Agbado àti Kájọlà. Irin àtijọ́ ní tirẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìjòkó lọ sí Ìdó ní òwúrọ̀, tí àwọn kan ń jókòó sórí òrùlé rẹ̀.

Ilé kan wà ní àdúgbò wa tí bàbá ibẹ̀ ń ṣe náìtì nínú ilé-iṣẹ́ ike, tí ìyá sì ń ṣe ti ọ̀sán ní ibòmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n fi ń rí ara wọn dáadáa. Ọmọ wọn obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ni ó ń bójú tó àbúrò rẹ̀. Fóònù kan wà lórí tábìlì. Bí ọmọ náà bá ti ilé-ìwé dé, yóò tẹ ibì kan lórí rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ yóò sì jáde, èyí tí ó ti sọ sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́: gàrí wà nínú ike aláwọ̀ ewé, ẹja wà lábẹ́ ìdérí, ẹ jẹ́ kí bàbá yín sùn. Ọmọ náà yóò gbọ́ ọ tán, yóò tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́ ibi tí ìyá wọn ti dárúkọ òun. Nígbà náà ni yóò lọ gbé àwo.